Ìbuwọ́lù Ọjọ́ Kejì

"Ẹniolúwa, ṣé o máa wọkọ̀ ni àbí ká máa lọ?"

Ọlọ́runtóbi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti inú ọkọ̀ onínjìn tí wọ́n so mọ́ èbúté onípákó ilé ìwòsàn ìjọba ní Obe-Ìrètí. Àwọn mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀ náà, gbogbo wọn ló sì bá Ẹniolúwa jáde ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mẹ́rin nínú wọn ti dé yunifásítì. Wọ́n wá sílé fún ìsinmi, wọ́n ń lọ wo ìdíje ọkọ̀ alájẹ̀ ní Mahintedo, wọ́n sì ní àwọn ò ní lọ láìmú ọmọ kíláàsì àwọn dání.

Ẹniolúwa Ọmọ́yẹlé dúró lórí pákó, ó wọ aṣọ búlúù àwọn atẹ́ǹdáǹtì, ìyẹn àwọn tó ń fọ ilẹ̀ ọsibítù, tó ń da ìdọ̀tí nù, tó sì ń ti àwọn aláìsàn kiri lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ìwé àjákọ kan wà lápá rẹ̀, bírò sì wà nínú irun rẹ̀, nítorí ọjọ́ kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni lọ́jọ́ náà.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Métírọ̀n Olówòkéré, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ló fi ọdún kan gbáko kọ lẹ́tà kí wọ́n tó gbà pé kí àwọn atẹ́ǹdáǹtì náà máa kọ́ nǹkan. Ó ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgbálẹ̀, kí ó sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí yóò di olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọdún kan, wọn yóò mú ẹni tó ṣe dáadáa jù lára wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlera ní Àkúrẹ́, ìjọba ni yóò rán an, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì máa dúró dè é. Ẹniolúwa tí bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja, tí ìyá rẹ̀ ń hun ẹní, kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà di nọ́ọ̀sì ju èyí lọ. Òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ojú ń tì í. Lálẹ́ àná ni Ọlọ́runtóbi bi í lórí fóònù pé, "Ṣé lóòótọ́ ni pé ilẹ̀ lò ń fọ̀ ní ọsibítù?" Ó fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí kò bá bá wọn lọ lónìí, wọ́n á ní ilẹ̀ fífọ̀ ni kò jẹ́ kó ráyè.

Princess, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ atẹ́ǹdáǹtì, fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Lọ jàre! Èmi á bá ọ sáìnì. Ṣé èmi kọ́ lo bá sáìnì lọ́jọ́ tí mo lọ dirun?"

"Princess, ìyẹn kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́."

"Kí ló tún yàtọ̀? Ìwé náà ni ìwé, bírò náà ni bírò. Ní ìrọ̀lẹ́, màá fi gbogbo ohun tí mo bá kọ hàn ọ́. Tètè bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀ kí Métírọ̀n tó yọjú."

Ẹ gbọ́ ná, ní ọsibítù yẹn, "bá mi sáìnì" kò nira lẹ́nu ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ẹni tó fẹ́ lọ ra ẹja á ní ká bá òun sáìnì, ẹni tí oorun ń kùn á ní ká bá òun sáìnì. Wọ́n ti ṣe é títí, kò jọ irọ́ lójú wọn mọ́. Ẹniolúwa bọ́ aṣọ búlúù náà, ó ká a sínú báàgì, ó sì bẹ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n hó yèè. Inú rẹ̀ dùn dé gbẹ̀du, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó jẹ ẹja yíyan àti pupuru ní Mahintedo, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì ya fọ́tò tó lé ní ogójì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí òun gan-an ni ìtàn yìí.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́fólúwa ló wá kọ́ wọn láti Àkúrẹ́. Ó gbé ọmọláńgidi onírọ́bà kan sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n kà á sí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí tí kò ké. "Ẹ nù ún gbẹ," ló wí. "Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, ẹ fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé orí rẹ̀ sípò, kẹ́ ẹ fi ámbù yìí bo imú àti ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ìṣẹ́jú kan kò gbọdọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀." Ámbù tó ń wí ni rọ́bà roboto kan tó ní ìbòmú lẹ́nu, tí wọ́n fi ń tẹ atẹ́gùn sínú ẹni tí kò lè mí.

Ó wá kọ ẹnu sí ọ̀rọ̀ tó bá wọn wí. "Mo mọ̀ yín, ẹ̀yin ará etí omi. Bí ọmọ bá bọ́ sómi, ẹ ó gbá a lẹ́sẹ̀ mú, ẹ ó dorí rẹ̀ kodò, ẹ ó máa gbọ̀n ọ́n, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ níkùn kí omi lè tú jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é fún ọmọ tuntun. Kì í ṣe omi ló mu. Atẹ́gùn ló ń wá. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fi ń gbọ̀n ọ́n, ọpọlọ rẹ̀ ń kú lọ ni." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un sọ. Ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn síwájú, wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ ámbù náà títí àyà ọmọláńgidi fi ń ru sókè.

Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọjọ́ náà, ìbuwọ́lù Ẹniolúwa wà níbẹ̀ rekete. Princess tilẹ̀ fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Ẹniolúwa tètè dé. Ẹ̀rù ń bà á, torí wọ́n ní Nọ́ọ̀sì Ọpẹ́fólúwa yóò dán olúkúlùkù wò kó tó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Nọ́ńbà kẹrìnlá ni tirẹ̀. Wọ́n dán ẹni kìíní wò, wọ́n dán ẹni kejì wò. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹni kẹwàá, awakọ̀ wọlé wá, ó ní omi ti ń fà, bí àwọn kò bá gbéra kíá, ọkọ̀ yóò jókòó sórí iyanrìn lọ́nà Ìgbókòdá, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa sùn. Obìnrin náà wo ojú omi, ó wo ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó rí i pé gbogbo àwọn tó kù ló buwọ́ lù ú lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí wọn. Ẹniolúwa fi ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀, ó sì dúpẹ́.

Ìyá rẹ̀ jó nígbà tó gbé e délé. Ó fi nálọ́ọ̀nù wé e, ó gbé e kọ́ ara ògiri pákó.

"Wá kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ọ́," ni Princess wí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. "Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọmọláńgidi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Métírọ̀n."

"Lọ́la," ni Ẹniolúwa dá a lóhùn.

Lọ́la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di oṣù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó tún rántí.

Lóṣù kẹsàn-án, Métírọ̀n Olówòkéré pe Ẹniolúwa sí ọ́fíìsì. Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀ka kékeré kan ní Ìsàlẹ̀-Obe, ní òdìkejì omi, Nọ́ọ̀sì Ọlọ́lá nìkan ló sì wà níbẹ̀. "Mo fẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí ọmọ tuntun là," ni Métírọ̀n wí. "Mo wo ìwé. Ìwọ wà lára wọn, ọwọ́ rẹ sì yá níṣẹ́. Ṣé wàá lè ṣe é?"

Ibi tó yẹ kó ti sọ òótọ́ rèé. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wà ní títì, kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀, obìnrin náà kì í sì í ṣe òǹrorò. Àmọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé ti àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti lọ̀ ọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà láyà rẹ̀.

"Màá lè ṣe é, mà," ni Ẹniolúwa wí.

Iṣẹ́ Ìsàlẹ̀-Obe kò le púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń fún àwọn aláboyún ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń di egbò. Nínú àwọn aláboyún náà ni Jọọlá wà, ìyàwó apẹja kan tó ń jẹ́ Dáfídì. Ẹja ni Jọọlá ń yan tà. Ó lápá, ó lẹ́rìn-ín, kì í sì í wá sí kílíníkì kó má mú ẹja wá fún wọn. Ẹniolúwa ló máa ń pè ní "nọ́ọ̀sì mi kékeré." Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ìrọbí mú Jọọlá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wá. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n gbé ọkùnrin kan dé tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ti gé ní ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà. Nọ́ọ̀sì Ọlọ́lá so ọwọ́ náà títí, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó ní ọsibítù ńlá ní òdìkejì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ, òun ni yóò sì bá a lọ, torí bí òun bá gbé ọwọ́ kúrò lórí egbò yẹn, ó lè kú sínú ọkọ̀.

"Ti Jọọlá ṣì kù díẹ̀," ló wí fún Ẹniolúwa bó ṣe ń wọkọ̀. "Màá ti dé. Àmọ́ bí ó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, má bẹ̀rù. O kọ́ṣẹ́ ẹ. Ámbù wà nínú dúrọ́ọ̀ òkè."

Ẹniolúwa la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀: Àǹtí, mi ò kọ́ ọ. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sínú ọkọ̀, ó wo ojú Nọ́ọ̀sì Ọlọ́lá tó ti gbà á gbọ́.

"Ẹ máa lọ, Àǹtí. Kò séwu."

Ọmọ náà yára. Kò tó wákàtí kan tí ọkọ̀ lọ tí Jọọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ti ọmọ. Ẹniolúwa ti rí ìbímọ tó tó mẹ́wàá, ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó gbé ọmọ náà mú bó ṣe ń jáde. Ọkùnrin ni. Ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dúdú tó ń ṣe bí aró. Kò ké.

"Kí ló dé tí kò ké?" Jọọlá gbé orí sókè. "Nọ́ọ̀sì mi, kí ló dé tí mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mi?"

Orí Ẹniolúwa ṣófo. Ó wá ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀, kò rí. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni ohun tí gbogbo ọmọ etí omi mọ̀, ohun tó rí tí bàbá rẹ̀ ṣe fún àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyẹn já sómi lábẹ́ afárá. Ó gbá ọmọ náà lẹ́sẹ̀ mú, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń gbá a lẹ́yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọma mi! Tẹ̀ ẹ́ níkùn," ni ìyá ọkọ Jọọlá ń ké. "Omi ló mu! Tẹ̀ ẹ́ dáadáa!" Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Háà, àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà sì ń ran àìmọ̀ lọ́wọ́.

Ìṣẹ́jú kan lọ. Méjì lọ. Ó rántí ámbù, ó fà á yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó gbé e lé ọmọ lẹ́nu. Kò mọ̀ pé orí ọmọ náà tẹ̀ jù. Ó ń tẹ rọ́bà, atẹ́gùn ń sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòmú, àyà ọmọ kò mì rárá. Ó bú sẹ́kún. Ó tún gbé e, ó tún dorí rẹ̀ kodò, ó wá gbé e mọ́ àyà, ó tún mú ámbù.

Bí Nọ́ọ̀sì Ọlọ́lá ṣe sáré wọlé nìyẹn, aṣọ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó gbé lọ. Ó gba ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó tọ́ orí rẹ̀ díẹ̀ péré, ó fi ámbù náà bò ó, ó tẹ̀ ẹ́. Àyà ọmọ náà ru sókè. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kí ọmọ tó sunkún, ohùn rẹ̀ kò sì tó ti ológbò. Ṣùgbọ́n ó sunkún.

"Ìgbà wo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí i?" Nọ́ọ̀sì Ọlọ́lá bi í, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Látìgbà tó ti jáde, mà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé.

Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ìtẹ́olúwakìṣí. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n pe Ẹniolúwa jáde síwájú ìjọ, wọ́n gbàdúrà lé e lórí. Jọọlá dì mọ́ ọn, ó ní, "Ọlọ́run yóò gbé ọ ga." Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ẹniolúwa náà ṣe àmín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ló kó oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ náà fún.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀. Ó lọ bá Princess, ó gba ìwé àjákọ rẹ̀, ó ń fi aṣọ tó ká róbótó ṣe ọmọ, ó ń tẹ ámbù lórí rẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n ṣe bó bá dijú. Ìgbà tó ka ibi tí Princess kọ ọ́ sí pé "ẹ má dorí ọmọ kodò", ó pa ìwé náà dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ní oṣù mẹ́fà, ọrùn Ìtẹ́olúwakìṣí kò tíì le. Ní oṣù mẹ́sàn-án, kò lè jókòó. Apá rẹ̀ ọ̀tún ká gírígírí sí àyà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún kan, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn lórí afárá pákó, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọrùn ọmọ náà kò ti le ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ Jọọlá ní iná ni. Ó ní òun kìlọ̀ fún un kó má wọ ilé ẹja yíyan mọ́ nígbà tí oyún ti di oṣù méje, kò gbọ́. Ooru iná ló se ọmọ náà lọ́pọlọ. Àwọn mìíràn ní igi ìdáná tó ń rù ni. Kò pẹ́ tí Dáfídì fi kó àwọ̀n rẹ̀ lọ sí Abereke, ó ń pẹja níbẹ̀, kì í sì í wálé bíi ti tẹ́lẹ̀. Jọọlá wó ilé ẹja yíyan rẹ̀ palẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Kò mú ẹja wá sí kílíníkì mọ́. Bó bá gbé ọmọ wá, á jókòó jẹ́ẹ́ sí igun, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹniolúwa rí gbogbo rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun á sọ ọ́ lọ́la. Ẹ ti mọ ohun tí lọ́la rẹ̀ máa ń dà.

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, Métírọ̀n Olówòkéré ránṣẹ́ sí i pé kó wá sí ọsibítù. Àwọn atẹ́ǹdáǹtì tuntun mẹ́jọ ló jókòó nínú yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọmọláńgidi onírọ́bà sì wà lórí tábìlì.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Métírọ̀n wí fún wọn. "Inú irú aṣọ búlúù tẹ́ ẹ wọ̀ yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan wáyé láìmí ní Ìsàlẹ̀-Obe, òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí nọ́ọ̀sì fi dé. Ó wà nínú ìwé. Lọ́dún yìí, òun ni a mú fún ilé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́." Ó gbé lẹ́tà náà sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹniolúwa, wá fi hàn wọ́n bó o ṣe ṣe é."

Ó jáde síwájú. Ó nu ọmọláńgidi gbẹ, ó wé e, ó gbé orí rẹ̀ sípò, ó tẹ ámbù. Àyà rọ́bà náà ń ru sókè, ó ń wálẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Beauty nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Nílé wa, bí ọmọ bá bọ́ sómi, a máa ń dorí ẹ̀ kodò ni, a máa ń gbọ̀n ọ́n. Ṣé a lè kọ́kọ́ ṣe ìyẹn ná, ká tó wá mú ámbù?"

Ọwọ́ Ẹniolúwa dúró lórí rọ́bà náà. Gbogbo wọn ń wò ó. Bí ó bá ní "rárá" lásán, ó ti parí, wọ́n á máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí á bi í pé kí ló dé, kò sì sí bó ṣe máa dáhùn tí ojú Ìtẹ́olúwakìṣí kò ní wá sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ má ṣe é láéláé," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo ṣe é. Ọmọ tí Métírọ̀n sọ yẹn, mo dorí rẹ̀ kodò. Mo gbọ̀n ọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n lò nígbà yẹn, ámbù yìí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa, mi ò sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn ló bá mi buwọ́ lùwé. Mo sì parọ́ fún nọ́ọ̀sì."

Princess tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Métírọ̀n Olówòkéré kò pariwo. Ó ní kí àwọn tó kù jáde. Ó jókòó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Èmi ni mo rán ọ lọ síbẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo wo ìwé tí mi ò wo ọwọ́ rẹ. Èmi náà yóò dáhùn fún tèmi." Ó wá gbé ojú sókè. "Kò sẹ́ni tó lè búra pé ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ló fa gbogbo ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè búra pé kì í ṣe òun."

Wọ́n fa lẹ́tà Àkúrẹ́ ya. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n gba aṣọ aláwọ̀ ewé. Ẹniolúwa padà sínú aṣọ búlúù, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ tọrọ ilé ẹ̀kọ́ kankan lábẹ́ ilé ìwòsàn náà fún ọdún mẹ́ta. Princess gba lẹ́tà ìkìlọ̀, ó sì bínú débi pé kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Ẹniolúwa yọ nálọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Gbogbo èyí, Ẹniolúwa lè fara dà á. Èyí tó kù ni ilé Jọọlá.

Métírọ̀n ló bá a wọkọ̀ lọ. Jọọlá jókòó lórí ẹní, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi òróró pa á lápá tó ká. Ẹniolúwa kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ọkọ̀ Mahintedo títí dé ibi irọ́ tó pa fún Nọ́ọ̀sì Ọlọ́lá. Kò fi ẹyọ kan pamọ́.

Jọọlá kò kígbe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìdáhùn.

"Kì í ṣe iná?"

"Kì í ṣe iná, mà."

"Igi tí mo rù ńkọ́?"

"Kì í ṣe igi."

Ó yíjú sí Métírọ̀n. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni Métírọ̀n wí. "Kò sí ohun tó o ṣe tó lè fa èyí."

"Ìyá!" Jọọlá ké sí ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ilé. "Ẹ wá! Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ!" Ìyá àgbà náà jáde. Jọọlá ní kí Ẹniolúwa tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyá àgbà náà fara ti òpó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Ìgbà náà ni ẹkún tó gbé Jọọlá. "Oṣù mẹ́jọ!" ló ń wí. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí mi ò ṣẹ̀. Lálaalẹ́ ni mo ń sọ fún un pé, dárí ji ìyá rẹ, ìyá rẹ ló ba ayé rẹ jẹ́. O wà níbẹ̀, Ẹniolúwa. Ò ń rí mi. O sì mọ̀."

"Mo mọ̀, mà," ni Ẹniolúwa wí, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Àìmọ̀ṣẹ́ rẹ, bóyá mo lè dárí ẹ̀ jì ọ́ lọ́jọ́ kan. Ọmọdé ni ọ́, ẹ̀rù bà ọ́. Àmọ́ pé o dákẹ́ tí mo fi wó ilé iṣẹ́ mi? Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe ìyẹn. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Dìde, máa lọ sílé."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbí ju ìyẹn lọ. Ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ tí ẹ kò ní, àwọn mìíràn ni yóò gbà á gbọ́, wọ́n á sì gbé ọmọ wọn lé yín lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Bí ó bá sì wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́, torí ẹrù tí ẹ kọ̀ láti gbé, orí aláìṣẹ̀ kan ni yóò bọ́ sí.

Dáfídì ti padà wálé láti Abereke nígbà tó gbọ́. Ọmọ náà kò tíì rìn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí Jọọlá bá gbé e wá sí ọsibítù kí wọ́n bá a na apá àti ẹsẹ̀, Ẹniolúwa ni wọ́n yàn láti fọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó dé. Á fọ̀ ọ́ mọ́ nigínnigín. Bí Jọọlá bá wọlé, á kúnlẹ̀ kí i. Jọọlá á dáhùn pé, "Kú iṣẹ́," á sì kọjá. Kò pè é ní nọ́ọ̀sì mi kékeré mọ́ láti ọjọ́ tí Ẹniolúwa ti jẹ́wọ́.